Ẹ jọ̀ọ́, ṣé igi irú ni èyí àbí àyìnrẹ́? (Ọ̀bàǹtòkó, Abẹ́òkúta)

ỌmọẸ̀gbá_gidi

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá mọ igi dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó fi ààké bá mi parí ẹ̀. Mo ra ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn Ọ̀bàǹtòkó níbí, lápá ibi tí àpáta pọ̀ sí, igi ńlá kan wá wà ní ìkángun ẹ̀, níbi tí fẹ́ǹsì máa gbà kọjá gan-an. Bíríkìlà mi, ọmọ Ṣakí ni, ló kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní fọwọ́ kàn án, ó ní igi irú ni, pé nílé àwọn èèyàn kì í ṣàdédé gé igi irú lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Aládùúgbò mi ní irọ́ ló ń pa, pé àyìnrẹ́ ni, kí n tètè gé e kó tó já lu òrùlé òun. Ẹnì kan tún kọjá lọ, a ò tiẹ̀ bi í, ó ní igi olódòdó pupa tí wọ́n máa ń gbìn sọ́gbà iléèwé ni. Ta ni kí n wá gbọ́ tiẹ̀ báyìí?

Ohun tí mo lè sọ ni pé ó ga ju ilé alájà kan lọ, orí ẹ̀ sì fẹ̀ gan, tó bá di ọ̀sán gbogbo ilẹ̀ yẹn ló máa ń bò. Ewé ẹ̀ wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé tó bá já sínú kọnkéré tútù wàhálà ni láti ṣà á. Kò ní ẹ̀gún kankan. Èèpo ara ẹ̀ dúdú, ó ti sán látòkè délẹ̀. Kò sí òdòdó lórí ẹ̀ báyìí torí òjò ṣì ń rọ̀. Fótò kọ̀ kò gbéra, ẹ mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì apá ibí. Ṣé ewé nìkan lè jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ni? Àti pé tó bá jẹ́ igi irú lóòótọ́, ṣé gbòǹgbò ẹ̀ ò ní gbé ìpìlẹ̀ sókè?

---

Bàbá_Ọ̀dẹ̀dá

Ọmọ mi, o kú ìnáwó ilẹ̀. Ewé lè sọ ohun tí igi yẹn kì í ṣe fún ẹ, àmọ́ èso ló máa sọ ohun tó jẹ́. Iṣẹ́ fọ́rẹ́sìtì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú àríyànjiyàn báyìí pọ̀ lọ́wọ́ wa nígbà yẹn, torí gbogbo igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n dárúkọ fún ẹ yẹn, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹbí ẹ̀wà ni, Fabaceae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ẹbí yìí sì tóbi ju bí èèyàn ṣe rò lọ: ẹ̀wà tí à ń jẹ wà níbẹ̀, ẹ̀pà wà níbẹ̀, sóyà, awin tí àwọn ọmọdé ń lá, àrìdan, àgúnmánìyè, àní apá tí àwọn káfíńtà fi ń ṣe ilẹ̀kùn. Tí o bá ka ìwé àtijọ́ wàá rí i pé abẹ́ ẹ̀ka ẹbí ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní Mimosoideae ni wọ́n to igi irú àti àyìnrẹ́ sí, láti 2017 ni wọ́n ti kó wọn sábẹ́ ẹ̀ka míì, Caesalpinioideae, kí ìyẹn má dà ẹ́ láàmú, igi yẹn ò kúrò níbi tó wà.

Ó dáa, jẹ́ ká mú ewé. Má kàn ja ewé wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo kó o sọ pé ewé lo mú dání o. Gbogbo gígùn yẹn, látibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, ewé kan ṣoṣo ni. Ọ̀pá kan á wà láàárín, àwọn ọ̀pá kéékèèké á yọ lára ẹ̀ ní méjì-méjì, ara àwọn ọ̀pá kéékèèké yẹn wá ni ewé wẹ́wẹ́ tò sí. Igi irú, tí orúkọ ẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Parkia biglobosa, àwọn ọ̀pá kéékèèké yìí lè tò ní méjì-méjì lọ́nà 17, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ewé wẹ́wẹ́ méjì-méjì láti ọ̀nà 13 títí dé 60. Ewé wẹ́wẹ́ yẹn tín-ín-rín, kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Tó o bá fọwọ́ pa ìdí ọ̀pá ewé yẹn wàá kan kókó kékeré kan, ibẹ̀ ló ti máa ń sun omi dídùn, tí o bá rí èèrà tó ń jẹ̀ níbẹ̀ má yà á lẹ́nu.

Àyìnrẹ́ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, Albizia zygia, ọ̀pá kéékèèké ẹ̀ kì í ju méjì-méjì lọ́nà 2 tàbí 3 lọ, ewé orí ẹ̀ sì fẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá ló máa ń tóbi jù. Tó o bá kà á tó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àyìnrẹ́ yẹn ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Àmọ́ àyìnrẹ́ ò kan jẹ́ oríṣi kan o, àwọn kan wà tí ewé wọn wẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní èso ló máa parí ẹ̀.

Ti igi olódòdó pupa yẹn, Delonix regia, Madagásíkà ni wọ́n ti mú un wá, ewé ẹ̀ jọ ti irú débi pé ẹni tó ń kọjá lórí ọ̀kadà ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, mi ò bínú sí ẹni tó bá ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ara ẹ̀ ló máa tú u fó. Èèpo ẹ̀ máa ń dán, àwọ̀ eérú ló ní, kì í sán gbàràgbàrà bí èyí tó o ṣàlàyé. Ti irú ló máa ń nípọn tó sì ń sán látòkè wá sílẹ̀, tó o bá fi àdá ṣá a díẹ̀ inú ẹ̀ á pọ́n, oje á máa sun jáde. Má ṣá a jù o, díẹ̀ ni mo sọ.

Ohun kan tó kù ni pé Abẹ́òkúta wà níbi tí igbó kìjikìji àti ọ̀dàn ti pàdé. Igi ọ̀dàn ni irú, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Uganda ló wà, apá Òkè-Ògùn àti Kwara ló pọ̀ sí nílẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ a máa ń rí i láàárín àpáta Ọ̀dẹ̀dá níhìn-ín. Inú igbó kìjikìji náà ní ẹ̀yà tiẹ̀, Parkia bicolor, ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń pè ní igi irú lápá Ṣakí.

---

Ìyá_Onírú_Láfẹ́ńwá

Bàbá wa ẹ kú àlàyé, ẹ̀mí yín á gùn. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, ta ni yóò gun igi lọ ka ewé wẹ́wẹ́ nítorí Ọlọ́run. Wolẹ̀. Ká inú koríko abẹ́ ẹ̀ kúrò kó o wá èso ọdún tó kọjá, kò sí bí igi irú ṣe máa so kí òkú èso ẹ̀ má sí nílẹ̀, bí ìkán bá tiẹ̀ ti jẹ díẹ̀.

Èso irú gùn, òmíì ò ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, òmíì á tó rúlà iléèwé, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní tó bá ti gbẹ. Kì í dá so o, ṣùṣù ló máa ń so, gbogbo ṣùṣù yẹn á rọ̀ láti orí kan ṣoṣo, orí tó jẹ́ òdòdó tẹ́lẹ̀ yẹn náà ni. Fọ́ ọ. Tó bá jẹ́ irú, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò ló máa bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, ó dùn, á lẹ̀ mọ́ ẹ létè tó o bá fi ahọ́n kàn án, ìyẹn ni àwa ń lá ní kékeré tí ìyá wa bá ń pa á, wọ́n máa pariwo mọ́ wa kí ètè wa tó mọ́. Inú lẹ́búlẹ́bú yẹn ni hóró irú tò sí, dúdú, líle, ó lè tó ogún tàbí kó lé díẹ̀ nínú èso kan. Àyìnrẹ́ ò ní lẹ́búlẹ́bú kankan. Èso tiẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó pẹlẹbẹ, o tiẹ̀ lè rí ojú ibi tí hóró jókòó sí látìta, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí oríṣi òmíì ṣaworo ló máa ń ró. Tìyẹn ò ṣeé fi se nǹkan kan lọ́dọ̀ mi.

Mo rí i pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú irú, ọ̀dọ́bìnrin kan bi mí lẹ́nu ọjọ́ yìí lórí àtẹ pé mọ́mì báwo lẹ ṣe ń gbin ẹ̀wà irú. Mo ní ọmọ mi, lórí igi ni. Hóró yẹn le, a máa ń sè é látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nígbà míì iná ẹ̀ á di ọjọ́ kejì. Tó bá rọ̀ a ó kó o sódó tàbí ká fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ká da eérú díẹ̀ sí i kí èèpo lè bó, ká wá ṣàn án nínú omi púpọ̀ títí gbogbo èèpo dúdú yẹn á fi lọ, ká tún gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ̀ la fẹ́ ṣe, ibẹ̀ la ti máa ń fi kúùrú sí i kó lè rọ̀ kó fọ́, tó bá jẹ́ wooro a ò ní fi sí i. Ká kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ká fi ewé bò ó, ká kó àpò lé e kó má tutù, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta á ti yí padà, òórùn ẹ̀ ló máa sọ fún ẹ, kò nílò aago. Òun ló fi jẹ́ pé tí ẹ bá ń sọ pé irú wọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa rántí iná. Àwọn kan ti ń fi sóyà ṣe é báyìí torí sóyà tètè ń jiná, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ẹni tó bá ti jẹ irú igi á mọ̀ ọ́n tó bá ti kan gbẹ̀gìrì.

Tó bá jẹ́ irú ni, má gé e. Wá bá mi ní Láfẹ́ńwá nígbà tó bá so.

---

KáfíńtàAsẹ̀rò

Ẹ jọ̀ọ́ o, kò sẹ́ni tó máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lẹ rà, ẹ ò ra igi. Ẹ gé e jàre. Pákó irú ò níyì ní sọ́mílì bí apá tàbí ìrókò, kòkòrò tètè ń jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi owó gidi lé e. Ẹ gé e nísìnyí tí ilẹ̀ ṣì ṣófo, tẹ́ ẹ bá kọ́lé tán kẹ́ ẹ tó gé e, owó tẹ́ ẹ máa fún àwọn tó máa so okùn mọ́ ọn á pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ máa san báyìí lọ. Mo ti rí i lójú ara mi ní àdúgbò kan, ẹ̀ka kan ṣoṣo ló já tó pa páànù ilé méjì dà.

---

Àdùnní_Alábàtà

😂😂 Ẹ̀gbọ́n káfíńtà ẹ rọra o. Ẹ kú iṣẹ́ bàbá, ẹ kú iṣẹ́ mọ́mì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Alábàtà níbí, ẹ jẹ́ kí n fi ti òdòdó kún un torí ẹ̀yin méjèèjì sáré kọjá lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló rẹwà jù lára igi yẹn. Tí ẹ̀gbọ́n bá lè dúró dìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, kò ní sí àríyànjiyàn mọ́ rárá. Ewé ẹ̀ á ti já dànù, òdòdó ẹ̀ á wá rọ̀ wálẹ̀ lórí okùn gígùn, okùn ọ̀hún lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35, róbótó pupa ni, nǹkan bíi ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ èèyàn, ẹgbẹ̀rún méjì òdòdó kéékèèké ló wà lára róbótó kan ṣoṣo ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Delonix ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, tiẹ̀ ní ewé òdòdó márùn-ún tó ṣí sílẹ̀ gbagada. Àyìnrẹ́ ń yọ nǹkan tó rí ṣẹ́ṣẹ́, irun-irun, kì í rọ̀ sórí okùn.

Alẹ́ ló máa ń ṣí. Àdán ló wà fún. Gbogbo òdòdó kéékèèké yẹn kọ́ ló ń so èso, àwọn kan wà nítòsí ìdí ẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa sun omi dídùn lọ, àdán á wá dorí kodò á dì mọ́ róbótó yẹn kó lè lá a, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á yí i láyà, tó bá fò lọ sórí igi míì ó ti bá wọn ṣe ìgbéyàwó nìyẹn. Oyin náà máa ń wá, àmọ́ àdán ni ọ̀gá. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ń gbébẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ pàrá-pàrá lálẹ́ lóṣù kìíní, ẹ má pe pásítọ̀ o 😂

Bacillus subtilis ni bakitéríà tó ń yí irú padà nínú apẹ̀rẹ̀ mọ́mì, òun náà ló ń jẹ́ kó máa fà yọ̀ọ̀.

Mo ní ìbéèrè fún bàbá. Wọ́n kọ́ wa pé àwọn igi ẹbí ẹ̀wà máa ń ní kókó lára gbòǹgbò tó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀. Ṣé irú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀?

---

Bàbá_Ọ̀dẹ̀dá

Ọmọ dáadáa. Rárá, Parkia ò sí nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kì í bá kókó lára gbòǹgbò ẹ̀. Àgúnmánìyè ń ṣe é dáadáa, ẹ̀wà ń ṣe é, ẹ̀pà ń ṣe é, irú ò ṣe é. Síbẹ̀ wàá rí i pé ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ dára, ewé tó ń já tó sì ń jẹrà ló ń ṣe ìyẹn, àti ìgbẹ́ àwọn ẹran tó ń wá síbòòji. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kì í fi í gé e láàárín oko.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí, kò pọn dandan. Parkia yẹn, Robert Brown ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1826 láti fi rántí Mungo Park, òyìnbó tó ń tọ odò Ọya lọ tó wá kú sí Bùsà ní 1806. Bùsà wa níbí náà ni. Àwọn baba wa ti ń jẹ irú tipẹ́ kí òyìnbó yẹn tó débẹ̀, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Káfíńtà, òótọ́ ni gbogbo ohun tó o sọ nípa pákó ẹ̀. Mi ò fara mọ́ ti gígé ẹ̀. Igi irú tó o bá fi hóró gbìn lónìí, o máa dúró bí ọdún 5 sí 10 kó o tó rí èso kan he, hóró ọ̀hún gan-an ò ní hù kíákíá àfi tó o bá fi omi gbóná rọ̀ ọ́. Èyí tó ti dàgbà báyìí, ẹlòmíì ló ti bá ẹ dúró de gbogbo ọdún yẹn.

Ti gbòǹgbò. Èyí tó lọ sísàlẹ̀ ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu, àwọn tó ń rìn nílẹ̀ lo máa ṣọ́ra fún, wọ́n lè rìn tó mítà 10, òmíì tó 20. Fún ilé, jìnnà sí i dáadáa, má kọ́ ìpìlẹ̀ sábẹ́ orí ẹ̀. Fún fẹ́ǹsì, tó o bá gbẹ́ kòtò tààrà gba ìdí ẹ̀ o máa gé gbòǹgbò ńlá kan sọ nù, ibẹ̀ ni igi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, tí gbogbo èèyàn á wá máa sọ pé igi irú burú. Sọ fún bíríkìlà ẹ kó ri òpó méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kó gbé bíìmù lé e lókè ilẹ̀, kó má gbẹ́ àárín ẹ̀ rárá. Ẹ̀ka gbígbẹ tó nà sórí òrùlé aládùúgbò, gé ìyẹn kúrò kó lè sùn. Ṣùgbọ́n wá èso kọ́kọ́.

---

ỌmọẸ̀gbá_gidi

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Èmi àti bíríkìlà ká koríko yẹn, a rí èso bí i mélòó kan, àwọn tó wà nílẹ̀ ti rà tán, àmọ́ a rí ṣùṣù kan tó há sáàárín ẹ̀ka méjì nísàlẹ̀, igi la fi tì í já. Mọ́mì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló wà níbẹ̀: ó gùn, ó tín-ín-rín, gbogbo wọn so rọ̀ lórí nǹkan kan tó le tó rí bùrùkù. Mo fọ́ ọ̀kan, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò tó kù díẹ̀ ti gan, hóró dúdú wà nínú ẹ̀, mo fi eyín gbìyànjú ẹ̀, kò gbà. Mo ka ọ̀pá kéékèèké lára ewé kan tó já nílẹ̀, ó kọjá ọ̀nà 10, ewé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ṣeé kà torí ilẹ̀ ti ń ṣú. Bíríkìlà kàn ń rẹ́rìn-ín mi ni, ó ní ṣé òun ò sọ fún mi.

Aládùúgbò ṣì ní kò dá òun lójú. Mo ti sọ fún un pé màá gé ẹ̀ka tó nà sọ́dọ̀ ẹ̀ lówó ara mi. Ti fẹ́ǹsì, a máa ri òpó méjì bí bàbá ṣe sọ, bíríkìlà ní irin ẹ̀ á wọ́n díẹ̀, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mọ́mì Láfẹ́ńwá, ṣé hóró nìkan lẹ máa ń rà àbí tèèpotèèpo? Àti pé ta ló ń bá yín gun igi?

---

Ìyá_Onírú_Láfẹ́ńwá

Hóró tí wọ́n ti pa tí wọ́n ti fọ̀ ni mo ń rà, kóńgò la fi ń wọ̀n ọ́n, mi ò lè máa gbé èèpo kiri. Ẹni tó ń gun igi wà, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọ̀pá gígùn tó ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ló fi máa ń fà á, kì í gé ẹ̀ka. Tí o bá rí ẹni tó fẹ́ fi àdá gé ẹ̀ka kó lè tètè rí èso kó, lé e, ọdún tó ń bọ̀ o ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá ti pọ́n lóṣù kẹta sí ìkẹrin, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níbí, màá ní kó wá.